Ibi tí Orin ti Yà

Bàbá aránbàtà kò mọ nǹkan kan nípa orin, àfi èyí tó ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Tíṣà dùùrù ni ìyàwó rẹ̀, yàrá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì fara ti ibi tí ọkọ ti ń rán bàtà. Ìyá Dùùrù, bí wọ́n ṣe ń pè é, kì í gbé ìwé orin síwájú. Ó máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ìwé lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó mọ ọ̀nà ilé yín ni?"

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ń dágbére fún un torí pé ó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ orin tó fẹ́ràn jù. Orin náà ní ibì kan tó ti yà: tó o bá kọ́kọ́ débẹ̀, wàá padà síbẹ̀rẹ̀, tó o bá tún débẹ̀, wàá yà gba ọ̀nà òpin. Ọkọ mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó.

Ìyàwó débẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀. Ó tún débẹ̀, ó tún padà. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé ó kàn wù ú kó gùn ni. Ọkọ nìkan ló rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń ga, bí ẹni tí omi ti mù dé ọrùn. Ọ̀nà àbáyọ wà lẹ́nu bàbá, àmọ́ ta ni yóò dìde láàárín èrò kó máa kọrin fún tíṣà? Ó kùn ún jẹ́jẹ́. Ariwo dùùrù bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá gbé ọwọ́ kúrò láàárín orin. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nínú ọkọ̀, ó ní, "Bàbá, mo ń rí ọ̀nà yẹn o. Mo ń rí i, mo sì ń kọjá ẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, Màmá."

"Ẹ má tàn mí."

Nílé, bàbá wá ìwé orin náà jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ìyá ti gba òmìnira lọ́wọ́ ìwé. Ohun tí ojú ń sọ kò yé ọwọ́ mọ́. Ìyá pa ìwé dé.

"Ẹ jókòó tì mí. Tí mo bá débẹ̀, ẹ kọ ọ́ fún mi."

Ó débẹ̀. Bàbá kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó yà, ó parí orin.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá kọ ọ́, ó tún kọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo. Ọwọ́ ìyá padà síbẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó tì í, ó ń gbọ́ bí orin ṣe ń bọ̀ wá síbi tó ti yà, kò sì mọ ohun tí òun lè ṣe.