Ẹsẹ̀ Kan Lórí Okùn

Kò sí ẹni tó ń ra tófù, wàrà funfun tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè Taishō ní ìlú Òsákà tí kò mọ Kuramochi Tetsuo. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, aláwàdà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù rinrin nítorí omi tófù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣooṣù, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, á di rẹfirí fún ẹgbẹ́ oníjà tó ń jẹ́ Hagane.

Òun náà jà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Hagane sílẹ̀, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹ̀ṣẹ́ gbá ojú ẹnikejì. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ká ọ lápá mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá kan okùn tó yí pápá ìjà ká, rẹfirí á ké "Okùn!", wọn á tú ọ sílẹ̀, ìwọ á sì pàdánù àmì kan. Ẹni tó bá sá di okùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Bírí layé yí. Ìbọ̀wọ́ dé, ẹ̀ṣẹ́ dé, okùn kò sì gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Kuramochi kọ́ òfin tuntun náà sórí, ó sì fi dájọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún láìsí àbùkù.

Ìgbà ìrúwé tó kọjá ló kọsẹ̀. Fumino, ọmọbìnrin kan tó ń gun òkè bọ̀ nínú ìjà, ká Hirose tó ń bá a jà lápá mọ́lẹ̀. Apá Hirose ti fẹ́ yẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan okùn. Àwọn àgbà tó ti ń wòran láti ìbẹ̀rẹ̀ Hagane ké tayọ̀tayọ̀: "Okùn!" Kí Kuramochi tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti ké "Okùn!", ó ti là wọ́n. Ìgbà tí ìjà parí, Hirose ni wọ́n ní ó jáwé olúborí.

"Bàbá, ọdún wo lẹ wà?" Olùkọ́ Fumino ló ń pariwo. "Ṣé ẹ ń sùn ni?"

Morishige, ọ̀gá Hagane, sún mọ́ Kuramochi. "Ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí rẹfirí bá ti wí, abẹ gé e. Bí ẹ bá jẹ́wọ́ níwájú èrò, mi ò ní lè pè yín síṣẹ́ mọ́ o."

Iṣẹ́ yìí ni Kuramochi fẹ́ràn jù láyé, lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀ ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tẹrí ba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. "Àṣìṣe mi ni. Fumino ni kò bá borí." Wọ́n fagi lé èsì ìjà náà. Lọ́jọ́ kejì, ó fá orí rẹ̀ kodoro, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì ti í ṣe nílẹ̀ wọn.

"Bàbá Chinatsu," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ kúrò nídìí igbá o, kí oníbàárà má baà rà yín mọ́ tófù. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, mélòó mélòó ẹlẹ́sẹ̀ méjì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin kọjá, Morishige kò pè é. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Àfi bí Fumino ṣe yọ sí ìsọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. "Bàbá, èmi àti Hirose á tún ìjà náà jà lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni rẹfirí, mi ò jà."

"Ọmọ mi, ṣé orí ẹ pé? Èmi tí mo gba ìjà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ìjà mẹ́rìnlá ni mo ti jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni rẹfirí ti ṣì í. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ pé ẹ ṣì í."

Kuramochi yíjú sí igbá tófù, omijé rẹ̀ ń kán sínú omi.

"Bàbá Chinatsu," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ gbójú kúrò níbẹ̀ jàre. Tófù oníbàárà nìyẹn, a kì í fi iyọ̀ sí i."