Ìgò Márùn-ún Tí Àǹtí Ọwọ́-Rọ̀ Gbé Wọ Bààlúù

Ọdún kejìlélógún rèé tí Àǹtí Ọwọ́-Rọ̀ ti ń wẹ òkú ní mọ́ṣúárì ọsibítù ńlá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Wọ́n ní bó ṣe ń rọra fa kànrìnkàn kọjá lára òkú, ẹni tó wà láàyè ò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà nílé ọkọ. Á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á ki nǹkan bọ abẹ́ orí òkú kí ọrùn má baà wọ́, á wá máa bá a sọ̀rọ̀: "Ẹ yí díẹ̀ sí mi, bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti kù díẹ̀, a máa tó ṣe tán." Ó máa ń yọ ìdọ̀tí abẹ́ èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń fọ ẹ̀yìn etí. Ta ló ń wo ẹ̀yìn etí òkú? Òun ń wò ó.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, ló máa ń fi iṣẹ́ yìí ṣe é ní yẹ̀yẹ́ jù. Òkèèrè ni àbúrò yìí ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ìgbà kan tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní dandan, kí ó mú òun débi iṣẹ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn di imú, ó ń wò. Nígbà tí wọ́n jáde, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Àǹtí mi, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí àjèjì kankan fọwọ́ kàn mí o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wẹ̀ mí."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ikú? Èmi ni àgbà, ìwọ lo máa wẹ̀ mí."

"Èmi kẹ̀? Màá sá lọ ni! Ẹ ṣèlérí."

Ó ṣèlérí. Irú ìlérí téèyàn ń fi ẹ̀rín ṣe ni, tí ọkàn ẹ̀ ti wà lórí ohun tó máa sè.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí ọmọ àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ọmọ ogún ọdún ni. "Mọ́mì àgbà, mọ́mì mi ti lọ." Wọ́n sunkún títí, kí wọ́n tó rí ẹnu sọ bó ṣe máa rí. Ọjọ́bọ̀ ni ìsìnkú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú òkú lọ́hùn-ún gbà kí Àǹtí wá wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ ní Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Bí kò bá tíì dé kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ wọn á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì kan pósí pa. Bààlúù méjì ni Àǹtí máa wọ̀. Ti àkọ́kọ́ á gbéra láàárọ̀, á já a sílẹ̀ ní ìlú kan láàárín ọ̀nà, á wọ ìkejì ní aago kan ọ̀sán, aago mẹ́rin ló máa balẹ̀. Ó ṣírò ó lórí ìka, ó tún un ṣírò. Àkókò á tó.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ò gbà ju báàgì ọwọ́ kan lọ. Àkọ́bí rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, jókòó tì í, ó ń ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní.

"Mọ́mì, gbogbo nǹkan olómi, ìgò ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílílítà lọ. Kì í ṣe ohun tó kù nínú ìgò ni wọ́n ń wò o, ìgò gan-an ni. Iye yẹn sì gbọ́dọ̀ hàn lára ẹ̀ gbàgàdà. Gbogbo ẹ̀ á wá wọ inú ọ̀rá kan tó mọ́ gaara."

"Ìpara ńkọ́?"

"Olómi ni."

"Ìpara tó le báyìí?"

"Mọ́mì, lójú tiwọn, olómi ni."

Ohun márùn-ún ló fẹ́ gbé: ọṣẹ olómi tí kì í ta ara, ìpara tí àbúrò rẹ̀ ti ń pa láti ìgbà ọmọge, òróró irun, lọ́fínńdà, àti àtíkè olómi tó fọwọ́ ara ẹ̀ pò. Àtíkè yìí ló jẹ ẹ́ lógún jù. Àwòrán mẹ́ta ló tẹ́ síwájú nígbà tó ń pò ó, kó lè bá àwọ̀ àbúrò rẹ̀ mu rẹ́gí, torí ó mọ̀ pé àwọn àjèjì máa ń kun ojú òkú bí ẹni ń kun ògiri ni. Ó wá ìgò kéékèèké káàkiri ìsọ̀, kò sí èyí tó ní nọ́ńbà lára.

Ọjọ́ Ajé, ló bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́, ló bá rí wọn níbẹ̀, páálí kan gbáko: àwọn ìgò funfun tí wọ́n fi ń gbé ẹran ara òkú lọ fún àyẹ̀wò. Ìdérí wọn le dáadáa. Ọgọ́rùn-ún mílílítà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà! Inú ẹ̀ dùn bíi pé wọ́n fún un lówó. Ó da oògùn inú márùn-ún nù, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó sá wọn sóòrùn. Ó gbé ọ̀kan sábẹ́ imú ọkùnrin tó ń gún òkú lábẹ́rẹ́.

"Bá mi gbóòórùn ẹ̀. Kò rùn mọ́, àbí?"

"Lọ bi ẹlòmíì. Imú tèmi ti kú ṣáájú gbogbo àwọn tó sùn síbí yìí."

Lébẹ́ẹ̀lì pupa ló wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan: agbárí òkú kan, lẹ́yìn náà *Fọ́málínì. Májèlé ni.* Fọ́málínì ni oògùn tí wọ́n ń gún sára òkú kó má baà tètè bàjẹ́. Àǹtí ti fi èékánná ṣí etí ọ̀kan lára lébẹ́ẹ̀lì náà, ó fẹ́ bó o, kó tó rí i pé ara ìwé yẹn kan náà ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Bó bá bó o, nọ́ńbà bá a lọ nìyẹn.

"Fi í sílẹ̀ jàre," ọkùnrin abẹ́rẹ́ sọ. "Nọ́ńbà ni wọ́n ń wá. Ta ló ń ka ìyókù?"

Òótọ́ ni, ní mọ́ṣúárì, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ọdún méjìlélógún tí ojú ẹ̀ ti ń kọjá lórí agbárí yẹn, kò rí i mọ́. Ó tẹ etí lébẹ́ẹ̀lì náà padà.

Ní éápọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, ẹ̀ṣọ́ kan tí oorun ò tíì dá lójú ẹ̀ gbé ọ̀rá náà sókè, ó wo nọ́ńbà, ó ka ìgò. "Márùn-ún. Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe o! Àwọn ọ̀dọ́ gan-an kì í ṣe é dáa tó báyìí." Orí Àǹtí wú. Títí bààlúù fi gbéra, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ìlú àárín ọ̀nà, ó rò pé èèyàn á kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kan kó gòkè sínú èkejì ni. Ìgbà tó rí ìlà gígùn àti ẹ̀rọ mìíràn níwájú, ó bi ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé, "Ṣebí a ò tíì jáde? Kí ni wọ́n tún ń wò?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà á. Ó ti yege lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ló fa ọ̀rá náà jáde. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ló bá jù ú sílẹ̀ bíi pé ó jó o lọ́wọ́, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin kan tí ikùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì.

"Màmá," ọ̀gá náà sọ, "kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Ọgọ́rùn-ún mílílítà."

"Ẹ ka tòkè ẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó rí agbárí náà. "Há! Rárá o, ọ̀gá mi. Ìgò lásán ni. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọṣẹ ni, ìpara ni, lọ́fínńdà ni."

"Níbo lẹ ti rí ìgò májèlé?"

"Níbi iṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ wo?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ń wẹ òkú ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Etí mi ń dùn mí."

"Mo ń wẹ òkú!"

Ìlà náà sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan fa báàgì tiẹ̀ kúrò lórí tábìlì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu tèmi, ó ti fara kan tiẹ̀!"

"Ẹ fara balẹ̀," ọ̀gá dá a lóhùn. "Kò tíì kàn yín. Ó di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kú kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí i." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ti àbúrò rẹ̀, ó sọ ti ìlérí, ó sọ ti aago mẹ́fà.

"Àbúrò yín ò ní bínú," ọ̀gá sọ. "Nínú gbogbo èrò tó wà níbí, òun nìkan ni kò kánjú."

Ni Àǹtí bá ṣí ìpara, ó fi pa ọwọ́, ó fi pa ojú. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ojú mi!"

"Gbogbo èèyàn ló lè pa á lójú." Ó ṣẹ́jú sí ọmọbìnrin oníbọ̀wọ́. "Tó bá dá yín lójú, ẹ mu ún ká rí yín."

Eré ló ń ṣe. Àmọ́ lójú Àǹtí, ọ̀nà àbáyọ ni. Ó já ìdérí ọṣẹ, ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó mu nínú òróró irun. Ó mu lọ́fínńdà, omi bọ́ lójú ẹ̀ pòròpòrò, ìfófòó ń yọ ní igun ẹnu. Àwọn èèyàn ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. "Ṣé mo kú? Ẹ sọ! Ṣé mo kú?"

Ọ̀gá náà gbàgbé ẹ̀rín. Ó yíjú sí ọmọbìnrin yẹn kíákíá: "O gbọ́ o, mi ò sọ pé kó mu nǹkan kan." Ó gbé fóònù ara ògiri. "Èrò kan ti mu májèlé níbí."

"Ẹ̀yin náà rí i pé ọṣẹ ni!"

"Èmi rí ọṣẹ. Ìwé tó wà lára ìgò ló ní májèlé, òun ni màá sì kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá mu irú ẹ̀, ó di lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà tí wọ́n bá ṣọ́ ọ kó tó lè wọ bààlúù. Òfin ni, Màmá. Nítorí ìlera yín ni."

Ó gbá ìgò márààrún sínú garawa ìdọ̀tí. Àtíkè ló kẹ́yìn.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n mú un lọ, bẹ́ẹ̀dì kan àti nọ́ọ̀sì kan ló wà níbẹ̀. Ó ń gùfẹ̀, ọṣẹ ń tẹ̀ lé e jáde. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú gbohùngbohùn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì dá a jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò pè é mọ́. Bààlúù mìíràn, ó di ọ̀sán ọ̀la.

Aago márùn-ún, ọmọ àbúrò pè é, wọ́n ń rí ara wọn lójú fóònù. "Mọ́mì àgbà, mo ti wà lọ́dọ̀ wọn látàárọ̀. Ibo lẹ wà?"

Ó sọ fún un. Ọmọ náà gbé fóònù súnmọ́ ojú. "Ọṣẹ? Ẹ mu ọṣẹ?"

"Gbọ́ mi. Ìwọ lo máa wẹ̀ ẹ́. Gbé fóònù síbi tí mo ti máa rí ọwọ́ ẹ, màá máa sọ ohun tí wàá ṣe. Má bẹ̀rù. Ìyá ẹ ni."

Ọmọ náà wọlé. Ẹnì kan ká aṣọ kúrò. Àǹtí rí àtẹ́lẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ fẹ́rẹ́, fóònù bá já bọ́. Ó ń gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ń bì, ó gbọ́ eré ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ síta. Àjà ilé nìkan ló kù lójú fóònù, funfun, pẹ̀lú gílóòbù kan.

"Ta nìyí?" ohùn ọkùnrin kan béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Ẹ bá mi rọra ṣe—"

"Màdámù, mẹ́rin ló ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn eléyìí."

Kò pa fóònù, kò sì gbé e. Àwọn méjì ni wọ́n. Omi ń dà, garawa ń dún. Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ́ yí i.

"Gbé e látìsàlẹ̀ o," ọ̀kan sọ. "Eléyìí jẹun kó tó lọ. Tó bá jókòó lé ẹ, á di òkú méjì." Èkejì rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́.

Àǹtí mọ ẹ̀fẹ̀ náà. Òun ni ọkùnrin abẹ́rẹ́ máa ń ṣe ní mọ́ṣúárì tiwọn bí òkú bá ti wúwo, òun tó mú kànrìnkàn lọ́wọ́ ló sì máa ń rẹ́rìn-ín jù.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́," ó dáhùn.

Ìṣẹ́jú méje ló gbà wọ́n. Ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀kan rí i pé fóònù ṣì ń tàn, ó sì pa á.