Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Oyún àkọ́kọ́ mi pé oṣù mẹ́rin nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi bí wọ́n ṣe ń gbà á lára gbogbo aboyún. Mo jókòó, mò ń ronú ẹrù bàtà ọmọdé tí mo ní láti tú ní ìsọ̀ mi lọ́jà Kejetia. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà díẹ̀ pè mí wọ yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Maame, tena ase," ó ní kí n jókòó. Ó wá fi èdè Twi sọ fún mi pé hẹpatáítísì B wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, àrùn tó lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí á máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Kò síbi tó ń dùn mí o," ni mo wí.

"Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ lo ti kó o lára ìyá ẹ. Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ṣàìsàn ẹ̀dọ̀ rí?"

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú ju ti aboyún lọ, ó sì rù títí tó fi kú. Ní Aboabo, níbi tí wọ́n bí wa sí, gbogbo àdúgbò ló ní májèlé ni. Ìyàwó rẹ̀ ni ìyá mi nawọ́ sí. "Ọbẹ̀ ta ló ń jẹ?" ni màámi ń bi gbogbo ẹni tó wá kí wa. Obìnrin náà kò tíì parí opó tó fi kó jáde lọ sí àdúgbò Ayigya, a kò sì fojú kàn án fún ọdún márùn-ún. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kó ẹrù. N kò gbèjà rẹ̀.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó ní òun kò lè búra lórí ẹni tí òun kò yẹ̀ wò, àmọ́ ohun tí mo ṣàpèjúwe jọ ti ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́. Mo pinnu nínú yàrá yẹn pé ọ̀dọ̀ mi ni àrùn yìí máa parí sí nílé wa.

Ọkọ mi ṣe àyẹ̀wò. Kò ní in, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí oyún wọ oṣù keje, mo bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró kan tí mò ń lò lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí àrùn náà má bàa ran ọmọ. Ìyá mi ló ṣòro láti mú lọ ṣe àyẹ̀wò.

"Èmi tí mi ò ṣàìsàn rí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mò ń lọ jókòó tì í láràárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó so gèlè rẹ̀. "O lágídí bíi bàbá rẹ. Ká lọ."

Wọ́n rí i lára òun náà. Ó di ọwọ́ mi mú nínú ọgbà ilé ìwòsàn. "Ṣé èmi ni mo pa ọmọ mi ni?"

"Ẹ ò mọ̀, màámi. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Àwa ti mọ̀ báyìí."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ so. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mú mi lọ sí Ayigya."

A bá opó ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń ta yúgọ́ọ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá mi kò jókòó. "Ìyàwó mi, àìsàn ẹ̀jẹ̀ wa ló pa á. Mo purọ́ mọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́kún, kò sì sọ pé òun ti dárí jì í. Ìgbà tó nu ojú tán ló kọjú sí mi: "Ṣé èmi náà gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò?" Ọjọ́ kejì la jọ lọ. Kò ní in.

Abẹ́rẹ́ méjì ni dókítà ní ọmọ mi gbọ́dọ̀ gbà láàárín wákàtí méjìlá tí wọ́n bá bí i. Ilé ìwòsàn ní ọ̀kan. Ìkejì ṣọ̀wọ́n, ọkọ mi ló wá a kiri títí tó fi rí i ní ilé olóògùn kan ní Ayigya, ibẹ̀ la sì ní kí wọ́n fi í pamọ́ sínú fíríìjì. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìrọbí mú mi, lásìkò tí èrò ń tú jáde láti mọ́ṣáláṣí tí ọ̀nà sì dí. Ọkọ mi ń gbé mi lọ, kò lè pín ara rẹ̀ méjì. Mo ní kó pe aya ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù pé kó bá wa gba abẹ́rẹ́ náà wá.

Ọmọbìnrin mi kò tíì pé wákàtí kan láyé tí obìnrin náà fi wọlé, tó gbá fíláàsì oníyìnyín tí abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀ mọ́ àyà. Mọ́tò tó wọ̀ há sójú ọ̀nà, ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé. Wọ́n gún ọmọ náà ní itan méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ní kí n fún un lọ́mú, kò séwu. Màámi rọra na ọwọ́ sí i. "Ṣé mo lè gbé e?"

"Ẹ gbé e, màámi. Kì í ràn nípa gbígbé."

Ọmọ náà gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ yòókù lásìkò. Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lára èmi àti màámi, ó ṣì wà. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà là ń lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wò, a kì í sì jẹ́ kí ọjọ́ yẹ̀.