Ojú Ìwé Tí Agbénáfò Ti Padà Wá

Aago lọkọ mi ń tún ṣe, àmọ́ bí ẹ bá bi í pé kí niṣẹ́ rẹ̀, á ní adájọ́ lòun. Adájọ́ kí ni? Adájọ́ Agbénáfò, ọkùnrin inú ìwé àwòrán tó ń gbé iná dání fò lójú sánmà. Igba àgbàlagbà, onírùngbọ̀n, ọlọ́mọ nílé, ló kóra jọ sórí fóònù, tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí ìyá kankan ò bí. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ọkọ mi ni wọ́n ń ké sí. Mo bínú bínú, ó sú mi.

Lọ́dún yìí ni wọ́n wá sọ ìwé náà di kàtúùnù. Nínú rẹ̀, Agbénáfò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, kò sì padà wá mú un. Inú bí ọkọ mi débi pé kò jẹun àárọ̀. Ó ní wọ́n ti ba ìwà ọkùnrin náà jẹ́, pé nínú ìwé keje, ojú ìwé kejìlélógún, ó padà wá gbé ọmọ rẹ̀.

"Bàbá tèmi náà rìnrìn àjò tí kò dé mọ́," ló kọ sí wọn. "Síbẹ̀ ọdọọdún ló ń kọ lẹ́tà ọjọ́ ìbí sí mi títí ó fi kú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kì í pa á tì."

Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé fèsì pé kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé keje. Ó ya àwòrán ojú ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́: ọmọ náà nìkan ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹlòmíì mú tirẹ̀ wá, ọ̀kan náà ni. Ọkọ mi ní àwọn tó tún un tẹ̀ ló yọ ọ́, tòun ni ojúlówó, bí kò bá sì sí níbẹ̀, òun ò ṣe adájọ́ mọ́. Ó tún fi kún un pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.

Ó gun àga, ó gbé àpótí ìgbà èwe rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀, télọ̀ ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Bí ó ṣe mú ìwé keje jáde tí Màmá rí i, maṣíìnì ìránṣọ wọn dákẹ́.

Èmi ni mo di fóònù mú láti ya fọ́tò. Pépà ojú ìwé kejìlélógún nípọn ju ìyókù lọ, òwú ni wọ́n sì fi rán an mọ́ ìwé náà, wínníwínní. Pépà tí Màmá fi ń gé pátánì ni.

"Olówó orí mi," ni mo wí, "ọwọ́ ni wọ́n fi ya eléyìí o."

"Èmi ni," ni Màmá wí láìgbójú sókè. "Ọdún tí bàbá rẹ lọ ni. O ka ibi tí Agbénáfò ti fi ọmọ sílẹ̀, o ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni kí n ṣe? Mo fa ojú ìwé yẹn ya, mo ya tèmi. Ọmọ ọdún méje ni ẹ́ nígbà yẹn, mi ò mọ̀ pé wàá gbé e dé iwájú àgbà."

Ẹ̀rín pa mí. Mo rò pé ọkọ mi náà á rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Awò tó fi ń wo inú aago ló fi sójú, ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Agbénáfò: "Mi ò gbàgbé rẹ, ọmọ mi." Nọ́ńbà nìkan la máa ń rí tí Màmá ń kọ, ìwọ̀n ọrùn, ìwọ̀n àyà; a ò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Ọkọ mi tún kiwọ́ bọ àpótí, ó mú lẹ́tà bàbá rẹ̀ kan jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́tà "g" kan náà, tí ìrù rẹ̀ ká bí ìkọ́. Ẹ̀rín tí mo rín bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lójú.

"Màmá," ló wí, "ẹyọ lẹ́tà kan ńkọ́? Ẹyọ kan péré tó wá látọ̀dọ̀ Bàbá fúnra rẹ̀?"

Màmá ń wá abẹ́rẹ́ kiri orí tábìlì. Àyà aṣọ wọn ló wà.

Fóònù dún lọ́wọ́ mi. Ọ̀mọ̀wé ni: "Adájọ́, à ń retí yín."

Ọkọ mi gbà á, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Kò padà wá." Ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ orí fóònù náà. Ó wá lọ bá ìyá rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ náà láyà aṣọ wọn, ó fi lé wọn lọ́wọ́.