Irun Kápẹ́ẹ̀tì Tó Kọjú Sẹ́yìn

Lọ́jọ́ tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wa mọ́tò ayárabíàṣá rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Alákápẹ́ẹ̀tì ti nuwọ́ mọ́ aṣọ kó tó dìde. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gé kápẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò tó sì ń rán an. Orúkọ iṣẹ́ ti gbé orúkọ àbísọ rẹ̀ mì. Mọ́tò náà dàgbà ju àbúrò Alákápẹ́ẹ̀tì obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lọ, ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì kúrú bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀. Tíṣà kí i tán, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Àbúrò yín ńkọ́? Òun ni mo fẹ́ kó ṣe é."

Ibẹ̀ ni owú gbà wọlé. Ta ló kọ́ àbúrò níṣẹ́? Ta ló fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tí kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí? Ó gbé àga fún tíṣà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín orí eyín lásán.

Tíṣà ní kápẹ́ẹ̀tì tó bá mọ́tò náà jáde láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ ẹ́, ibi tí gìgísẹ̀ awakọ̀ ń gún ti lu. Tuntun tó bá ti àkọ́kọ́ mu ló fẹ́, àwọ̀ fún àwọ̀, ojú rírán fún ojú rírán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní irú mọ́tò yìí. Ọwọ́ tó bá ṣe tirẹ̀ dáadáa ni wọ́n máa gbé tiwọn wá bá. Alákápẹ́ẹ̀tì gbọ́ ọ yé: ẹni tí wọ́n máa pè ní ọ̀gá láti ọjọ́ náà lọ ni wọ́n fẹ́ yàn.

Ọ̀sẹ̀ kan ni àbúrò fi ká kò sínú mọ́tò náà. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ti Alákápẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọwọ́, ìdí ni kò wọ kèrègbè yìí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ há sábẹ́ sítíárìn.

"Àǹtí mi, ẹ rọra," àbúrò ní, "ká má lọ pe wẹ́dà wá gé yín jáde."

Òun náà bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Olúwa mú owú kúrò lọ́kàn òun. Kó tó ṣe àmín, àdúrà míì ti já wọlé: kí Olúwa fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn. Ó mọ̀ pé méjèèjì ò lè bá ara wọn lọ. Èkejì ló ṣe àmín sí kíkankíkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àbúrò tó dé, ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Wọ́n ti tẹ́ gbogbo ègé síbi tó yẹ, gọ́ọ̀mù ló kù. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé ó bí i nínú. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Kápẹ́ẹ̀tì nírun, irun náà sì níbi tó ń kọjú sí. Bí gbogbo ègé ò bá kọjú síbì kan, ọ̀kan á dúdú ju èkejì lọ lójú oòrùn. Gbogbo wọn kọjú síwájú. Tabẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ló kọjú sẹ́yìn.

"Olúwa, o ṣeun," ló ní.

Kò sọ fún àbúrò, ẹni tí ì bá tún un gé kí ọ̀sán tó pọ́n. Tíṣà ló dúró dè. Bó ṣe dé, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má bínú, sà, ọmọdé ni. Ó gé ti awakọ̀ lódì."

Tíṣà nawọ́ sẹ́yìn ìjókòó. Ó fa ògbólógbòó kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ yọ nínú àpò tí àbúrò kó o sí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ní kó fọwọ́ kàn án. Irun rẹ̀ kọjú sẹ́yìn.

"Bí wọ́n ṣe gé e láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò yín pè mí lórí ẹ̀."

Àbúrò ti wà lẹ́yìn wọn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ ní kí n gbọ́ ti àtijọ́ ná, kí n tó lo ọgbọ́n orí mi."

Kò sí ẹ̀gàn lóhùn rẹ̀, ìyẹn ló burú jù. Ó yọ ègé tó kọjú sẹ́yìn náà, ó nà án sí i pẹ̀lú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbá etí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní ojú rírán tẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ níbẹ̀.

Alákápẹ́ẹ̀tì gbà á. Wọ́n ti fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn, ìyẹn dájú. Bóyá Olúwa ló ṣe é, kò lè búra. Owú ò tíì kúrò. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ awọ, ó sì rán an dáadáa, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán nǹkan láìdáa.