Àálè Ìjọba Lára Igi Àgbọn Ìyá Àgbà

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí mo bá sọ fún ẹ̀yin ọmọ òde òní pé odindi abúlé kan lọ́nà Ajah dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wó igi wọn, tí wọ́n tún se ẹja fún wọn jẹ, ẹ ó ní àgbàlagbà yìí ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ ṣá. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi yìí gan-an sì wà níbẹ̀.

Ìgò kékeré kan tí àbíkẹ́yìn mi rà bọ̀ láti ilé ìtajà ńlá kan ní Lẹ́kkí Phase 1 ló rán mi létí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, ọkàn mi sì fò lọ sí ìdí ààrò kan tí kò sí mọ́. Òróró àgbọn ni. Mo gba ìgò náà, mo wọ awò ojú mi, mo kà á. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é! Inú bí mi débi pé mo ní kó lọ dá a padà. Ó ní, "Dádì, ìpara irun lásán ni, kí ló dé?" Ìpara irun lásán! Orílẹ̀-èdè tí òkun ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, tí Ọlọ́run bu epo rọ̀bì sí lábẹ́, tó da ẹja sí níwájú, tó to igi àgbọn sí létí bí ìlẹ̀kẹ̀, òun náà ló ń fi ọkọ̀ kó òróró àgbọn wọlé láti ìlú ẹlòmíì. Èbúté ńlá ti wà ní Ìbẹ̀jú báyìí, ọkọ̀ tó ń wọ ibẹ̀ ga ju ilé alájà púpọ̀ lọ. Mo máa ń wò wọ́n, mo sì máa ń bi ara mi pé: nígbà tí wọ́n bá já ẹrù wọn tán, kí ni tiwa tí wọ́n ń gbé lọ?

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo dàgbà sí, ní abúlé kan láàárín òkun àti ọ̀sà. Kò sí títì nígbà náà. Iyanrìn ni ọ̀nà wa, ẹsẹ̀ ni mọ́tò wa, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó ẹrù wa sọdá ọ̀sà lọ sí Èkó. Síbẹ̀, iṣẹ́ ò jẹ́ ká rímú mí. Àwọn ọkùnrin ń fa àwọ̀n létí òkun, ẹnikẹ́ni tó bá sì fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọdé tó kàn lẹ̀ mọ́ ọn bí eèmọ́, yóò gba ẹja tirẹ̀ relé. Àgbọn ni iṣẹ́ àwọn obìnrin. Ìyá Àgbà a fọ́ ọ, a rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, a fún omi funfun rẹ̀, a gbé e kaná títí òróró yóò fi léfòó. Èèpo rẹ̀ la fi ń dáná, ọ̀pá àárín ewé rẹ̀ la fi ń ṣe ìgbálẹ̀. Ohun tó bá gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, tèmi nìyẹn. Mo máa ń fi ṣíbí họ ọ́ débi pé ìkòkò fẹ́ẹ̀ lu. Kò sí ohun tí a ń sọ nù lára àgbọn àyàfi ariwo tó ń pa nígbà tó bá já.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé. Tíṣà wa, ọkùnrin kan tó ń wọ tai nínú ooru, ní ká máa ka ọrọ̀ ilẹ̀ wa lórí: epo rọ̀bì, kòkó, ẹ̀pà, rọ́bà, èédú. Mo nawọ́, mo ní, "Àgbọn ńkọ́, sà? Ẹja ńkọ́?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe ọrọ̀. Oúnjẹ yín nìyẹn." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi á gbóná. Bí oúnjẹ kì í bá ṣe ọrọ̀, kí ni ọrọ̀?

Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ojú kan yọ́ wò. Ọ̀kan nínú wọn gbé gálọ́ọ̀nù ọ̀dà pupa dání, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára igi àgbọn, igi kan tẹ̀lé òmíì. Wọ́n ní títì ń bọ̀, pé inú lọ́rì ni àgbọn wa yóò máa bá dé Èkó kí oòrùn tó mú. A pàtẹ́wọ́. Kí wá ni ti ọ̀dà? Wọn ò sọ. Àwa náà ò béèrè, torí a rò pé a mọ̀.

Àálè ni. Ní abúlé wa, bí o bá fẹ́ kí olè jìnnà sí igi rẹ, wàá so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i tó sì tún ká èso rẹ̀, ohun tójú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Bàbá Lámídì, aládùúgbò wa tó ni àwọ̀n tó tóbi jù ní abúlé, ló túmọ̀ ọ̀dà fún wa. "Ẹ ò rí i pé pupa ni? Ìjọba ti pààlè sí àgbọn wa, kí ẹnikẹ́ni má jí i kí lọ́rì tó dé." Àwọn àgbà mi orí. Wọ́n se ẹja fún àwọn ọlọ́dà. Àwọn yẹn jẹ ẹ́, wọ́n nu ẹnu, wọn ò là á yé ẹnì kankan.

Ìyá Àgbà nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Igi àgbọn rẹ̀ mọ́kànlá wà lápá òkun, wọ́n jìnnà sí ibi tí wọ́n ń wọ̀n, ọ̀dà kankan ò kàn wọ́n. Ìdí ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ri ìwọ́ ìyá mi sí, ìdí òmíì ni tèmi wà. Bàbá Lámídì ò sì jẹ́ kí obìnrin náà sinmi.

"Ìyá, ó jọ pé ìjọba ò mọ̀ yín o."

"Kó má mọ̀ mí. Ìwọ tó mọ̀, ṣé ó ti kí ẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ó ti kí mi, Ìyá. Ọ̀dà pupa ló fi kí mi."

Ẹnu Ìyá Àgbà mú, àmọ́ mo rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ń rìn láàárín igi rẹ̀, tó ń fọwọ́ pa wọ́n lára, tó ń ráhùn pé, "Ṣé àgbọn tèmi kì í ṣe àgbọn ni?"

Ọmọ wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní ṣe nǹkan kan? Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọlọ́dà gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jẹun. Mo gbé e. Mo kun igi mọ́kọ̀ọ̀kànlá, mo sì kùn wọ́n dára ju ti ìjọba lọ, torí èmi ò kánjú. Mo dá gálọ́ọ̀nù padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ké sí Bàbá Lámídì: "Wá wò ó, ìwọ ọ̀rẹ́ ìjọba!" N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dákẹ́. Ta ló máa ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni katapílà dé. Gbogbo igi tó ní ọ̀dà ló ń wó lulẹ̀. Bí àálè ìjọba ṣe rí nìyẹn: kì í ṣe olè ló ń lé, ẹni tó ni igi ló ń lé. Igi Bàbá Lámídì ló kọ́kọ́ lọ. Ó jókòó sórí iyanrìn, àwàdà tán lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni katapílà yí imú sápá òkun.

Igi mẹ́rin ti wó kí Ìyá Àgbà tó débẹ̀. Ó dúró níwájú ìkarùn-ún, ó di ọwọ́ mi mú. "Títì yín ò gba ibí! Ẹ wo ìwé yín!" Fọ́mánù wọn wo ìwé, ó họrí.

"Òótọ́ ni, Màmá. Igi yìí ò sí níbí. Ta ló wá kùn ún? Ẹ mú ẹni náà wá, mo máa fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, katapílà á sì padà. Bí ẹ ò bá mú un wá, àṣẹ tí mo gbà ni pé igi tó bá ti ní ọ̀dà gbọ́dọ̀ wó."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà wolẹ̀, tó rí èékánná mi. Ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ó wo ojú mi. Ó wo igi méje tó kù. Ó pa ìka mi dé sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ìró bò ó.

"Ìjọba ló kùn ún," ló wí. "Ẹ máa wó o."

Ó fà mí kúrò lójú ọ̀nà. Méjèèje la dúró wò.

Ẹ ó ní ọmọdé ló ṣe é, kí n má bú ìjọba. Mo gbà, mo jẹ̀bi igi mọ́kànlá. Àwọn tó kù láti ibẹ̀ dé Ìbẹ̀jú ńkọ́, èmi ni mo kùn wọ́n? Ṣé èmi ni mo jẹ ẹja àwọn àgbà tí mo sì dákẹ́? Títì dé lóòótọ́. Lọ́rì tí wọ́n ṣèlérí náà dé, iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì ló ń kó. Ibi tí wọ́n ri ìwọ́ mi sí ti bọ́ sẹ́yìn ògiri ilé olówó, ẹni tó ń ṣọ́ géètì á sì bi mí pé ta ni mo wá rí. Ẹja inú yìnyín ní Ajah, òkun ẹlòmíì ló ti wá. Òkun tiwa ṣì ń pariwo bó ṣe ń pariwo. Àwọn aláṣọ funfun ṣì ń kúnlẹ̀ sétí rẹ̀ láàárọ̀. Àwọn ará abúlé mélòó kan ṣì ń fa àwọ̀n, ọmọ tó bá fọwọ́ kan okùn sì ń gba ẹja tirẹ̀. Àwọn aláìní yẹn ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Orílẹ̀-èdè olówó ni kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n nà mí. Mo retí i títí oorun fi gbé mi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jí mi, ó mú mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ki àkísà bọ kẹrosíìnì, ó ń fọ èékánná mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Àgbọn mọ́kànlá tó ti hù wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé ọwọ́ mi sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ó ti mọ́," ló wí. "Gbé ọkọ́."