Ọ̀já Láyà Ìyá Mi

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìyá mi kó ẹrù wọn láti Kemta wá bá mi tọ́ ọmọ n'Ìbarà. Aláró ni wọ́n, ìka wọn kò sì mọ́ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ wọ́n. Ọdún tó ṣáájú ni àwọn dókítà gé ọmú ọ̀tún wọn nítorí jẹjẹrẹ, ní ọsibítù ńlá kan n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi tún gba ìtọ́jú lábẹ́ ẹ̀rọ onítànṣán. Nọ́ọ̀sì kọ́ wọn kí wọ́n máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ kí apá ọ̀tún má baà gan. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọn kì í pa ọjọ́ ọsibítù jẹ, ara wọn sì ti ń mókun.

Wọ́n wẹ ọmọ mi, wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n nà án tapá tẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ṣe: wọn kò pọ̀n ọ́n. Bó bá ń ké, wọ́n á gbé e sórí itan, wọ́n á máa kọrin fún un títí ohùn wọn á fi há. Bí mo bá ní kí wọ́n kúkú gbé e pọ̀n, wọ́n á ní kí n jẹ́ kí àwọn sinmi. Ìyá tó pọ̀n gbogbo wa, tó tún ń bá àwọn ará ilé pọ̀n tiwọn! Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà tí mo ti lóyún ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí ọmọ yìí bá sùn lẹ́yìn ìyá mi, ọjọ́ náà ni màá gbà pé àìsàn yẹn ti fi wá sílẹ̀.

Tíṣà ni mí, sùúrù mi kò sì pọ̀. Mo ti pinnu pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí àìsàn má baà ran ọmọ, nítorí ohun tí àwọn kan ń sọ lágboolé wa nìyẹn. Wọn kì í fẹ́ fi ife tí ìyá mi bá lò mumi mọ́. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò kó bá mi bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ṣàlàyé títí pé jẹjẹrẹ kì í ranni. Ìyá mi ń mi orí, wọ́n ń ṣe “bẹ́ẹ̀ ni”, wọ́n sì fún un lọ́sàn nígbà tó ń lọ. Ó jáde tán ni wọ́n sọ fún mi pé dókítà ti sọ gbogbo ìyẹn fún àwọn kó tó gbé ọ̀bẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Inú bí mi, mo wọ yàrá lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra ọṣẹ níwájú ilé, mo sì tètè padà. Ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi dúró láìwọ bùbá, wọ́n gbé ìrọ̀rí pọ̀n. Wọ́n ró ìró lé e, wọ́n so ọ̀já, wọ́n rìn díẹ̀. Ìró kò rí ohun tí yóò dá a dúró lápá ọ̀tún àyà, ó ń yọ̀ wálẹ̀ títí ìrọ̀rí fi já bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n tún un pọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú àpá náà, nítorí ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ láti ìgbà tí wọ́n ti Ìbàdàn dé.

Wọ́n rí mi, wọ́n fa ìró bo àyà.

“Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ ló já bọ́ ńkọ́?” wọ́n ní.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo mú kọ́mú wọn kan, mo rán àpò kékeré sí apá ọ̀tún rẹ̀, mo ki òwú sínú rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ní ó fúyẹ́ jù, kò wúwo tó ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n ní kí n lọ bu ọkà bàbà wá láti ilé ìdáná, a dà á mọ́ òwú, a rán an pa. A fi ìrọ̀rí dán an wò ná. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n nàró, wọ́n fi ìbàdí jó díẹ̀, ìrọ̀rí kò mira.

Mo wá gbé ọmọ lé wọn lẹ́yìn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn wọn, ó mí kanlẹ̀, ó sùn. Ìyá mi ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣàròyé pé ọmọ yìí mà wúwo o, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbà kí n sọ̀ ọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò lè ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí mo ń tú ọ̀já lálẹ́, wọn kò fa ìró bo àyà mọ́. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ àpá náà, nítòsí abíyá.

“Ibí ni mo ti kọ́kọ́ bá kókó náà. Ó kéré bíi hóró àgbàdo, kò dùn mí, mo sì fi pa mọ́ títí ó fi tóbi.” Wọ́n wá gbé ọwọ́ mi kúrò, wọ́n fi sí ọmú èmi fúnra mi. “Máa wá a lóṣooṣù. Bí o bá bá ohunkóhun níbẹ̀, pè mí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.”